Àpótí Tí Abdulfattah Fi Ṣe Sàráà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi létí. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi. Ó ní kí n dárúkọ òun, kí n dárúkọ àdúgbò òun, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Abdulfattah, ṣé o rò ó dáadáa?" Ó ní irọ́ tí òun pa ti tó, òun ò fẹ́ kí èmi náà bá òun pa òmíràn kún un.

Tóò. Ọ̀rọ̀ rèé.

Ọmọ Àáfà Abdulmumini ni, ní Gàmbàrí. Ìdí wàláà ló ti dàgbà. Bí ààwẹ̀ bá dé, tí bàbá rẹ̀ bá ń ṣe tafsìrì lẹ́yìn ìrun alásárì, Abdulfattah ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ké Àlùkùránì kí bàbá tó túmọ̀ rẹ̀ fún jàmáà. Ajánásí ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ipò yẹn o. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lónìí, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé òun ni wọ́n máa pè ní Àáfà lọ́la.

Ohun tí àdúgbò ò mọ̀ ni pé nígbà tí Abdulfattah ń kàwé ní yunifásítì, tó ń gbé ní Tanke, ó kọ́ gìtá báàsì. Ó sì mọ̀ ọ́n ta. Nígbà tó fi máa jáde ilé ìwé, ó ti wọ ẹgbẹ́ olórin kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Garba dá sílẹ̀. Wọ́n ń ṣeré níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, níbikíbi tí wọ́n bá ti pè wọ́n.

Àáfà Abdulmumini kì í ṣe òṣónú. Bí àwọn obìnrin bá ń lu bẹ́ńbẹ́ níbi yìgì, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ohun èlò olókùn? Láéláé! Àìmọye ìgbà ló ti sọ ọ́ lórí àga wáàsí pé ẹni tó bá ń ta okùn ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn ṣí Àlùkùránì nínú mọ́sálásí òun.

Ọmọ rẹ̀ sì rèé. Ọwọ́ kan náà ló fi ń ṣe méjèèjì.

Garba ló dá ọ̀rọ̀ áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣeré tán ní pápá gbangba, ó fa Abdulfattah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fattah, báàsì rẹ ò dún lónìí. Mo rí ìka rẹ tó ń sáré, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ńṣe lo dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì."

"Áńpù tí a yá yẹn ni kò dáa."

"Lọ ra tìẹ. Onígìtá tí ò ní áńpù, kí ló fi yàtọ̀ sí awakọ̀ tí ò ní mọ́tò?"

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oríṣi méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àpótí kan ṣoṣo, ẹ̀rọ àti sípíkà ti wà nínú rẹ̀ pa pọ̀. Kọ́ńbò ni àwọn onígìtá ń pè é. Èkejì pín sí méjì. Ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára wà lọ́tọ̀, hẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pè é, kò ju ohun tí èèyàn lè há sábíyá lọ. Àpótí sípíkà rẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, ó ga dé ìbàdí àgbàlagbà. Sẹ́párétì lorúkọ méjèèjì pa pọ̀.

"Eléyìí ni kó o rà," Garba na ìka sí sẹ́párétì. "Gbangba niṣẹ́ wa wà. Kọ́ńbò dáa fún inú yàrá, tó bá ti di ìta, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹ. Tó bá sì bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́ nìyẹn. Eléyìí, bí orí bá kú, ara ṣì wà."

"Kọ́ńbò ló wù mí. Ó rọrùn láti gbé."

"O fẹ́ gbé e lọ síbo? Ṣé o fẹ́ gbé e lọ sí hájì ni?"

Abdulfattah rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ fún Garba pé kì í ṣe gbígbé ló wà lọ́kàn òun, fífi pa mọ́ ni. Kọ́ńbò á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí ńlá yẹn, ibo ló fẹ́ gbé e sí, nínú agboolé tí bí ẹnì kan bá húkọ́ ní yàrá kìn-ín-ní, wọ́n á kí i ní yàrá ìkẹyìn?

Ó ra kọ́ńbò.

Ó yẹ kó gbé e lọ sílé Garba, níbi tí gìtá rẹ̀ máa ń wà. Ẹ wo ìwà ọmọdé! Ó ní kó kàn sun ọ̀dọ̀ òun fún alẹ́ ọjọ́ kan péré, kí òun lè máa rí i. Ó dúró di ìgbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀ngàríbà, nígbà tó mọ̀ pé gbogbo ọkùnrin agboolé ti máa wà ní mọ́sálásí, ó wá fa àpótí rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́.

Bàbá rẹ̀ ló kò lójú ọ̀nà. Àlùwàlá bàbá ló bàjẹ́, ó wá tún un ṣe. Bútà omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Abdulfattah, kí lo gbé yẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Ẹ̀rọ tó... tó ń gbé ohùn jáde."

"Ti ta ni?"

Ó lè sọ pé ti ọ̀rẹ́ òun ni. Irọ́ kékeré nìyẹn, kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí jìnnìjìnnì bá bo èèyàn, irọ́ pọ́ọ́kú lè wà nílẹ̀ kó jẹ́ olówó ńlá ni yóò nawọ́ mú.

"Ti mọ́sálásí ni, Bàbá. Mo fi ṣe sàráà ni. Kí ààwẹ̀ tó dé."

Bàbá gbé bútà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí sípíkà mọ́sálásí ti ya. Àáfà á máa wáàsí lọ́wọ́, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àwọn ọ̀dọ́ á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun bàbá, ṣùgbọ́n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Lánàá ni mo bá Ọlọ́run sọ ọ́," bàbá wí. "Wàlláhì, lánàá ni." Ó wá gbé ohùn sókè, "Hùmúàní! Hùmúàní, jáde wá wo ohun tọ́mọ ẹ ṣe!"

Hùmúàní, ìyá Abdulfattah, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Ipata dé ni, níbi tó ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó sáré jáde, ìborùn ń já bọ́ léjìká rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó kúnlẹ̀ sójú ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n dé. "Ọlọ́run á gbé ọ ga!" "Àmín!" "O ò ní rí ohun tó máa dójú tì ọ́!" "Àmín!" Abdulfattah náà ń ṣe àmín. Kí ni kó tún ṣe?

Kí wọ́n tó kírun ìṣáì lọ́jọ́ náà, kọ́ńbò ti wà ní mọ́sálásí. Wọ́n ki wáyà máìkì bọ ihò tó yẹ kí wáyà gìtá wọ̀. Bàbá súnmọ́ máìkì, ó ní, "Bìsìmílàhì."

Ẹ gbà mí! Ohùn Àáfà Abdulmumini, tó tín-ín-rín látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, jáde gbù-ù-ù bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Ògiri ń kù rìrì. Arúgbó kan ní ọjọ́ yẹn gan-an ni wáàsí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òun légungun. Báàsì ni, bàbá àgbà. Báàsì ló wọ̀ yín légungun!

Abdulfattah jókòó láàárín wọn, ó ń wo áńpù rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nílé ọkọ. Ohun tí èèyàn bá ti yọ fún Ọlọ́run, ta ló máa nawọ́ gbà á padà?

Síbẹ̀, Garba ò mọ sàráà. Eré wà lọ́jọ́ Sátidé. Ni Abdulfattah bá lọ bá Umar, ládàánì mọ́sálásí náà, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti pe ìrun tán, kẹ̀kẹ́ akérò ló ń wà kiri ìlú.

"Àǹkúù Umar, mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ fún àyẹ̀wò."

"Àyẹ̀wò kẹ̀? Ṣé kì í ṣe tuntun ni?"

"Tuntun gan-an ló máa ń fẹ́ àyẹ̀wò."

Umar kì í ṣe ẹni tó ń fura. Ó tiẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ gbé e, kò sì gbowó, ó ní òun náà fẹ́ pín nínú láádá. Abdulfattah á sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, á máa juwọ́. Bí Umar bá ti yí ọ̀nà, á wọ kẹ̀kẹ́ mìíràn lọ síbi eré. Ó ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Ó ṣe é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tó yá, bàbá bi í léèrè lójú gbogbo ilé.

"Abdulfattah, ẹ̀rọ tuntun wo ló ń lọ ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí arúgbó tó lẹ́jẹ̀ ríru?"

"Iná ìlú yìí ni, Bàbá. Ó ń pọ̀ jù, ó ń kéré jù."

"Rárá. Gbígbé kiri yẹn ló ń bà á jẹ́." Lọ́jọ́ kejì, bàbá pe onírin. Onírin jó irin mọ́ ògiri mọ́sálásí, ó fi ṣe àgò yí kọ́ńbò ká, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ńlá há a. Umar so ọmọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá ní, "Ó tán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi."

Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Abdulfattah ò lè sọ pé kí wọ́n ṣí i. Kò sì lówó tó máa fi ra òmíràn. Lójoojúmọ́ tó bá lọ kírun, áńpù rẹ̀ á máa wò ó láàárín irin bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó sọ fún mi pé nígbà mìíràn òun kì í mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló wà lẹ́wọ̀n.

Garba ní bí kò bá gbé áńpù wá, òun ti rí ẹlòmíràn tó ń ta báàsì. Ni Abdulfattah bá jẹ́wọ́ fún un. Garba rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"O fi kọ́ńbò tọrẹ fún Ọlọ́run! Ṣé mo sọ fún ẹ pé sẹ́párétì ni kó o rà àbí mi ò sọ? Ká ní sẹ́párétì ni, ò bá fi àpótí sílẹ̀ fún wọn nínú àgò yẹn, kó o há orí sábíyá, kó o máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Àpótí sípíkà ńbẹ nílé mi níbí tí ò lórí."

Àwàdà ni Garba ń ṣe. Ṣùgbọ́n Abdulfattah ò rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ló rí nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé kó padà sílé, kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ òtítọ́. Ó gbọ́ ohùn yẹn dáadáa, ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó sì rìn kọjá lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ló bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, àwọn tó ta ẹ̀rọ yẹn ní àwọn lè gbà á padà, kí àwọn fún wa ní èyí tó tóbi jù ú lọ. Èmi á san àfikún. Kéèyàn pààrọ̀ sàráà sí èyí tó dára jù, ṣé ó burú?"

Bàbá ronú sí i, ó fa irùngbọ̀n. "Sí èyí tó dára jù, kò burú. Àlùbáríkà ni." Ojú rẹ̀ wá kún fún omi. "Ìwọ ọmọ yìí. Ìgbà tí bàbá tèmi wà láyé, mi ò ronú kan mọ́sálásí rẹ̀ tó báyìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó yẹ kí gbólóhùn yẹn gún un. Ó gún un. Ó sì tún ra sẹ́párétì.

Báyìí ni àpótí ńlá ṣe wọ inú àgò irin. Hẹ́ẹ̀dì ń bẹ lọ́wọ́ Abdulfattah. Ó ní yàrá òun ló yẹ kó máa wà nítorí ọ̀rinrin àti nítorí olè, pé àpótí lásán ò wúlò fún olè kankan. Bàbá yìn ín fún làákàyè. Bí wáàsí bá wà, á gbé hẹ́ẹ̀dì wá, á so ó mọ́ àpótí mọ́sálásí. Bí eré bá wà, á gbé e lọ, á so ó mọ́ àpótí Garba. Báàsì rẹ̀ wá ń dún débi pé àwọn tó ń jó á máa yíjú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń ta á.

"Ìwọ náà ti di sẹ́párétì," Garba máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Orí lọ́dọ̀ wa, ara lọ́dọ̀ àwọn Àáfà."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Ó ń bá a bu omi sí ọwọ́ lọ́jọ́ kan kó tó jẹun, ó di ìka rẹ̀ mú.

"Ìka rẹ ti le báyìí, bí ìka bíríkìlà. Kí lò ń fi ṣe?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá."

"Kọ̀ǹpútà tìẹ hu ẹ̀gún ni?" Hùmúàní ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀. "Mi ò bi ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nǹkan tí bàbá rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Má jẹ́ kí ará ìta sọ ọ́ fún un."

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá."

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn òtítọ́ fún un, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì í padà.

Ààwẹ̀ dé. Nínú ààwẹ̀, iṣẹ́ olórin máa ń gbẹ, Abdulfattah sì ti pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kan gìtá títí di ìtúnu. Ni Garba bá pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣe àjọyọ̀ ìfẹ̀yìntì ní gbọ̀ngàn kan ní Tanke, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀, ẹni tó bá sì dùn mọ́ wọn lọ́jọ́ náà ti ríṣẹ́ títí ọdún á fi parí.

"Lọ́jọ́ wo?" Abdulfattah bèèrè.

Garba dárúkọ ọjọ́. Ọjọ́ tí bàbá máa ṣí tafsìrì ni. Ọjọ́ yẹn làwọn Àáfà láti àdúgbò mìíràn máa ń wá jókòó.

"Kò lè ṣeé ṣe, Garba."

"Ọ̀sán ni wọ́n pè wá! Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, o ti dé Gàmbàrí. Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹgbẹ́ mi ò ní báàsì?"

Ó ronú. Ọ̀sán ṣáà ni. Á ta á, á gbé hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á wọ kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Mo ń bọ̀."

Ta ni ò mọ àríyá ìlú wa? Ọ̀sán tí wọ́n pè é, àga ni wọ́n ṣì ń tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì dé. Ìgbà tó dé, wọ́n ní àlejò pàtàkì ló kù. Ìgbà tí wọ́n fi sọ pé kí ẹgbẹ́ olórin bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti ń yí. Ẹnu gbígbẹ ni Abdulfattah fi ń ta báàsì, nítorí ó gba ààwẹ̀, kó má di pé ẹnì kan rò pé kò gbà á.

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò. Ó mọ ẹni tó ń pè é. Fóònù dákẹ́. Ó tún gbọ̀n.

"Garba, mo gbọ́dọ̀ máa lọ."

"Orin kan ló kù! Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde tó fẹ́ jó!"

Bó bá lọ tó gbé hẹ́ẹ̀dì, báàsì á kú lójú gbogbo èèyàn, iṣẹ́ Garba á bàjẹ́. Bó bá fi hẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ tó sáré lọ, jàmáà á jókòó síwájú àpótí tó yadi. Ó ń ta á, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Fóònù ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀.

Ní Gàmbàrí, mọ́sálásí ti kún dé ìta. Wọ́n ti kírun tán. Bàbá jókòó, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, àpótí dákẹ́ nínú irin. Umar pe Abdulfattah títí, kò gbé e. Ẹ̀rù ba Umar, ó rò pé ìjàǹbá mọ́tò ni. Ó sáré lọ sí gáréèjì àwọn oníkẹ̀kẹ́, ó bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní òun gbé ọmọ Àáfà lówùúrọ̀, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iwájú gbọ̀ngàn kan ní Tanke ló sọ̀ sí.

"Á jẹ́ pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún un ṣe wà," Umar sọ fún bàbá.

Bàbá dìde. "Gbé mi lọ. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni yẹn ni ò tíì tán."

Wọ́n dé Tanke. Wọ́n wo iwájú gbọ̀ngàn, kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Orin ń dún nínú. Bàbá ní kí àwọn wọlé bèèrè.

Abdulfattah gbójú sókè, ó rí aṣọ funfun àti láwàní lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé ebi ààwẹ̀ ló ń da òun lójú rú. Olóòtú ètò náà rí i, ó sì gba máìkì: "Háà! Ẹ jẹ́ ká dìde fún bàbá wa! Àáfà àgbà ti wá ṣàdúà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n la ọ̀nà fún un. Bàbá rin ọ̀nà yẹn gba àárín wọn títí dé iwájú àwọn olórin.

Kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ tó wà lórí okùn ló ń wò.

Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀. "Ṣé orí ẹ̀rọ wa nìyí?"

"Bàbá..."

"Jàmáà ti jókòó. Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́?"

Abdulfattah ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà. Báàsì kú. Onílù lù ú díẹ̀ sí i, òun náà dákẹ́. Garba, tí ò mọ Àáfà rí, ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí orin yìí."

"Ẹ má bínú, ọmọ mi," bàbá dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Sàráà ni. Kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tiyín."

Ó há hẹ́ẹ̀dì sábíyá, níbi tó máa ń há Àlùkùránì sí, ó sì jáde. Ojú ti Abdulfattah tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu. Ó tẹ̀ lé e.

Nínú kẹ̀kẹ́, Umar, ọ̀rẹ́ gbogbo èèyàn, tó máa ń bá kẹ̀kẹ́ pàápàá sọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà nìkan ló ń wò. Abdulfattah mọ̀ pé ó ti parí fún òun. Bàbá òun kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Orí máìkì ló máa sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ òun gan-an, kí gbogbo Gàmbàrí lè gbọ́.

Wọ́n dé. Wọ́n ki hẹ́ẹ̀dì mọ́ àpótí. Bàbá jókòó, ó fa máìkì mọ́ra.

"Ẹ̀yin jàmáà, ẹ má bínú," bàbá wí. "Ọmọ mi gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe ni. Ibi tó ti ń tún un ṣe ni mo ti lọ mú un wá."

"Alihamudulilai!" ni gbogbo wọn dáhùn. "Ọlọ́run á san án fún un!"

"Àmín," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú àpótí, ó kù rìrì mọ́ ògiri.

Umar tẹ orí rẹ̀ ba. Abdulfattah nawọ́ láti ṣí Àlùkùránì tó wà níwájú rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ọwọ́ bàbá ti dé. Bàbá ṣí i sí ojú ewé tó yẹ, ó gbé e sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ké e," ó wí. Ó ké e. Nígbà tó kan kí wọ́n ṣí ewé, bàbá ló tún ṣí i.

Àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ ni. Àwọn àlejò ń mi orí, wọ́n ní ẹ wo bí bàbá ṣe ń kẹ́ ọmọ. Abdulfattah nìkan ló mọ ohun tí bàbá ń sọ fún òun.

Lẹ́yìn ìṣínu, ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní yàrá bàbá rẹ̀. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀. Bàbá jẹ́ kó sunkún tán.

"Ká ní o wá bá mi pé gìtá lò ń ta, à bá jà," bàbá wí. "À bá jà gan-an, a ó sì parí rẹ̀, bàbá àti ọmọ. Kì í ṣe gìtá ló ń dùn mí. Látọjọ́ tí mo ti ń jókòó sórí àga yẹn, mi ò purọ́ níbẹ̀ rí. Lónìí mo pa á. Mo wo ojú àwọn tó ń gbẹ́kẹ̀ lé mi, mo sì pa á, nítorí mi ò lè gbé ọmọ mi jù sílẹ̀ fún wọn. Sàráà tó o ṣe fún mi nìyẹn, Abdulfattah. Irọ́ lo fi ta mí lọ́rẹ."

"Bàbá, mo ti fi gìtá sílẹ̀. Mo búra."

"Má búra fún mi. Lọ sùn."

Bàbá ò lù ú. Kò lé e. Kò gba àga ajánásí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbá sàn kó gbà á! Jálẹ̀ ààwẹ̀ ni Abdulfattah ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, tí bàbá ń bá a ṣí ewé, tí jàmáà ń ṣàdúà fún onísàráà, tí Umar ń wo ibòmíràn. Ìtúnu kọjá. Kò tíì padà fọwọ́ kan gìtá tó wà nílé Garba. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun á tún fọwọ́ kàn án. Ó ní ìka òun ti ń rọ̀ padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohun tẹ́ ẹ fi ń pa mọ́ fún àwọn òbí yín, èmi ò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ pé ìjà lásán ló máa dá sílẹ̀. Irọ́ tẹ́ ẹ bá pa, ẹlòmíràn tó fẹ́ràn yín lè wá di ẹni tí yóò máa bá yín rù ú.

Mo bi Abdulfattah ìdí tó fi fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ó ní nítorí jàmáà ni. Ó ní púpọ̀ nínú wọn ń ka ìwé ìròyìn yìí, kí wọ́n kà á níbẹ̀ pé kò sí àtúnṣe kankan lọ́jọ́ yẹn, pé bàbá òun kì í ṣe òpùrọ́, òun ni. Kí ẹrù yẹn lè kúrò lórí àga bàbá òun.

"Bàbá rẹ mọ̀ pé o wá sọ́dọ̀ mi?" mo bi í.

"Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí kí n tó jáde. Mo ní, 'Bàbá, mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún gbogbo ayé.' Wọ́n gbójú sókè wò mí. Àlùkùránì wọn wà lórí tábìlì, ní pípadé. Wọ́n ní kí n kà fún àwọn kí n tó máa lọ. Mo dúró, mo ń retí kí wọ́n bá mi ṣí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Wọ́n ní, 'Kí lò ń wò? Ṣí i.'"